Bíréèkì Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ọ́. Ó dáa, mo ń kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó di ìka Abẹ́rẹ́ lánàá ni mo ń wí. Ó fi igi pẹlẹbẹ ti ìka méjì, ó wé e tán, ó wá kọjú sí mi. Ó ní, “Ẹ wá nǹkan tó máa rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tẹ́ ẹ bá sì ṣe lójúmọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí. Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo wo ìka tó wú, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Abẹ́rẹ́ ni ìyàwó mi. Aránṣọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń gún. Èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù la jà lé lórí — kọ́kọ́rọ́ lásán, ó wà nínú àpò mi látàárọ̀. Ó ń jáde kúrò ní iyàrá, mo gbá ilẹ̀kùn dé, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ. Ìró kékeré ni. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń ránṣọ.

Ilẹ̀kùn ni. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn ni.

Ó ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ pé ọwọ́ mi ba ẹnikẹ́ni — kì í ṣe òun nìkan o, ẹnikẹ́ni — kí n gbàgbé òun. “Mo ní sùúrù. Mi ò ní ìka mìíràn.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mi ò lu ẹnikẹ́ni. Mo fọ́ ife kan. Ife kì í ṣe èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ti rí ohun tó máa rẹ̀ mí.

Egungun kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, mọ́tò ló gun orí rẹ̀ nígbà kan. Ọ̀gá ní kí n máa gbé e lọ, ó ti dínà fún òun fún ọdún mẹ́ta. Jórinjórin ni mí, irin tó wọ́ kì í bà mí lẹ́rù. Mo gé ibi tó ti ṣẹ́, mo jó páìpù mọ́ ọn, mo fi òòlù lù ú títí ó fi tọ́. Ẹsẹ̀ iwájú láti ara kẹ̀kẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti ara òmíràn, wọn ò bára wọn mu rárá. Mo sọ ọ́ ní Àjàkú.

Ta ló fi kẹ̀kẹ́ sí mi lọ́kàn? Agogo. Àbúrò Abẹ́rẹ́ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò ní dákẹ́. Gbogbo Sátidé lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè tó wà lẹ́yìn ibi ìfọ́kúta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá. Kí n lè máa rí yín.” Mo mọ ohun tó ń sọ. Ojú rẹ̀ ni ojú Abẹ́rẹ́. Ohun tó bá rí ló máa gbé délé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti Àjàkú nìkan lọ wo òkè náà.

Gbòǹgbò kan fa ẹsẹ̀ iwájú gbà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ gbá mi létí. Pẹ́dà ya ojúgun mi bí ẹni ya aṣọ, ẹ̀jẹ̀ dé inú bàtà, ó ń dún ṣọ̀kọ̀ṣọ̀kọ̀ bí mo ṣe ń rìn. Mo dìde, mo ta kẹ̀kẹ́ náà nípàá léraléra. Mo tún gùn ún. Ó tún gbé mi lulẹ̀, lórí òkúta wẹẹrẹ lọ́tẹ̀ yìí. Awọ ìgúnpá mi wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ìgbà tí mo délé, kò sí ìbínú kankan lára mi. Mo wá a, mi ò rí i. Mo jókòó sórí àga, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Orúnkún mi ò tẹ̀. Mi ò lu ẹnikẹ́ni, mi ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Bíréèkì ni mo tún ṣe lónìí.

Lára gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú, ọwọ́ òsì ló ń mú tẹ̀yìn. Agogo ló là á yé mi: ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ fún dáadáa, iwájú, ẹ kàn máa fọwọ́ pa á lára. “Bẹ́ ẹ bá fún iwájú pa, kẹ̀kẹ́ á dúró, ẹ̀yin á máa lọ.”

Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Bàbá mi fi irin na ọwọ́ yìí títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ náà ò gbọ́. Ohun tó kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀ṣẹ́. Iwájú ló fẹ́ ìwọ̀n jù, òsì mi ló sì mọ ìwọ̀n. Nítorí náà mo yí wáyà padà: òsì sí iwájú, ọ̀tún sí ẹ̀yìn.

Ọ̀gá wò ó, kò sọ pé kò dáa. Ó kàn nàka sí àgbá gáàsì: “Ṣé o rí nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn? Òsì ló ń yí. Kí ló dé tí páìpù rẹ̀ fi pupa? Ohun tó bá ń ṣe òdì sí tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń kùn ún ni, kó má baà pa ẹni tí ò mọ̀. Fi ọ̀dà pupa kan ọwọ́ bíréèkì yẹn.”

Mo ní ta ló fẹ́ gun irú kẹ̀kẹ́ báyìí? Ó ní, “Kùn ún.” Mo ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àwa mẹ́rin. Agogo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ àkìtàn lẹ ti tọrọ kẹ̀kẹ́ yín ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, eyín lásán.

Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fun. Ọ̀nà náà ga bí ògiri, ó há, òkúta lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ dúdú nísàlẹ̀. Bó o bá ti wọ̀ ọ́, ó ti gbé ọ mì nìyẹn. Àwọn yòókù fi kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ wàrà. Èmi gbé kẹ̀kẹ́ léjìká, mo ń fẹsẹ̀ rìn. Agogo wà nísàlẹ̀, ó ń kígbe sókè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Kò sí ilẹ̀kùn níbí!”

Mo yà sínú igbó. Mo lu igi kan títí eegun ìka mi fi hàn. Igi kì í ṣe èèyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Oníbàárà kan pè mí ní olè nítorí géètì rẹ̀. Òòlù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tó gòkè. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi láti ẹ̀yìn, wẹ́rẹ́, bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Oníbàárà ò tiẹ̀ rí i, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún bíi wákàtí kan.

Mi ò lu ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Abẹ́rẹ́ pè! Ìka ti ń san díẹ̀díẹ̀. Ó ń fọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àlùmọ́gàjí mú. Ó ní, “Ṣé bó ṣe máa ń nira fún ẹ nìyí, nígbà tó o wà lọ́mọdé?” Ó ní Agogo sọ pé mò ń gbìyànjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo sọ̀kalẹ̀ Ọ̀fun!!

Láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí Àjàkú, pẹ̀lú ẹnu mi tó ń kígbe. Ìka òsì kan lórí iwájú, bí ẹni fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀ka igi gbá akoto mi, òkúta ya mí lápá, mi ò mọ̀ títí mo fi rí ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjì gbá mi mọ́ra. Agogo ń tún bàtà rẹ̀ so.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá bi mí nípa ọ̀dà. Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Agogo ṣubú ní Ọ̀fun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Eegun èjìká. Eyín mẹ́rin. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dé ojú títì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́rùn, ó gbóná. Kẹ̀kẹ́ mi ló gùn. Bíréèkì ni. Mi ò fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn rí i pé mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ohun tí mo kọ lánàá ò pé.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ Agogo ló já, lókè, kó tó wọ Ọ̀fun. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀. Èmi ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti ti kẹ̀kẹ́ mi padà gòkè, àwọn méjì náà sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn ni kò lè gbà. Ó ní, “Ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn ló fi ṣẹ́ ìka ẹ̀gbọ́n mi, ó wá ń pè é ní jàǹbá.” Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó kọjú sí mi: “Ìwọ. Na ọwọ́ yẹn, kí n rí i. Lù mí, kí n lè lọ sọ fún un lónìí yìí.” Ìwọ! Ọmọ tí mo fi mọ́tò gbé lọ síléèwé rí. Ó fọwọ́ tì mí láyà. Ó tún tì mí láyà.

Òsì mi ti di ẹ̀ṣẹ́. Mo rí ibi tí màá gbá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́, nísàlẹ̀ etí. Mo rí i kedere bí ibi tí mo fẹ́ jó irin mọ́.

Mi ò gbá a. Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Kò lè ṣe é. Gbé àkìtàn ẹ wá, kí n fi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ hàn ọ́.”

Mo gbé e fún un.

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: bíréèkì yẹn yí padà. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo pa ẹnu dé.

Kò sí ọ̀dà pupa lára rẹ̀. Ó wọ Ọ̀fun. Àwọn tó kù ń wo òun, èmi ń wo ìka òsì rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tó yẹ kéèyàn wò. Ìka náà fún un, pa, bó ṣe máa ń fún tirẹ̀. Táyà iwájú dúró gbọn-in, ìdí kẹ̀kẹ́ dìde, Agogo sì ń lọ. Ó fi ojú sọ òkúta. Mo gbọ́ ọ. Ìró kékeré ni.

Ibi tí mo fẹ́ gbá a gan-an ni òkúta gbá a.

Inú mi dùn. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo sáré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin

Ọsibítù. Wọ́n ti fi wáyà so eyín òkè àti tìsàlẹ̀ pọ̀ fún un, kò lè sọ̀rọ̀. Agogo, tí kì í dákẹ́. Omijé ń jáde lójú kan ṣoṣo tó lè ṣí. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ síwèé fún mi: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo bú yín, mo tì yín, ẹ ò lù mí. Ẹ tún pọ̀n mí. Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó tún kọ: Òsì ni mo fún, iwájú ló dúró. Ẹ sọ fún mi pé bíréèkì yẹn yí padà, àbí? Ìbínú ni ò jẹ́ kí n gbọ́.

Mo mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ fún ẹ. Orí yìí, mo mì í.

Ìgbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, agolo ọ̀dà pupa kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi, búrọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀. Ọ̀gá ń jó irin nínú lọ́hùn-ún. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Abẹ́rẹ́ pè. Ẹkún ló kọ́kọ́ ń sun. Ó ní òun ti ka ohun tí àbúrò òun kọ, pé bí òun ṣe mọ ẹnu ọmọ yẹn tó, bí mi ò bá lù ú lọ́jọ́ yẹn, mo ti yí padà nìyẹn. Òun ń bọ̀ ní Sátidé, tòun tẹrù òun.

Ó wá ní, “Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ó ní kó o máa kọ̀wé kan. Ṣé o kọ ọ́?” Mo ní mo kọ ọ́. “Màá fẹ́ kà á. O lè fẹnu parọ́, o ò lè fọwọ́ parọ́, mo ti mọ̀ ẹ́.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti gbálẹ̀. Mo ti fọ aṣọ. Mo ti kun ọwọ́ bíréèkì ní pupa, ó ń tàn yòò lára ògiri bí ohun tí kò wúlò mọ́.

Mo ní kí n ya ojú ewé ọjọ́ Àìkú, ti ọgbọ̀njọ́. Bó bá ti kúrò, ti Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ tó, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Mo fà á. Àárín ni wọ́n ti rán irú ìwé yìí. Bí mo ṣe ń fa ti ẹ̀yìn, ewé kan níwájú ń tẹ̀ lé e bọ̀: ti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́. Ewé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì. Ọwọ́ mi dúró. Mo kà á. Ilẹ̀kùn ni. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn ni.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i kí n tó gbá a dé. Mi ò kọ èyí rí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo rí ìka rẹ̀, bí mo ṣe rí ti Agogo.

Mo ti ti ewé náà padà sáàyè rẹ̀. Mi ò ya nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ níta. Òun ni. Ọwọ́ òsì ló fi ń kanlẹ̀kùn, ó ń kàn án játijàti bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo ti ṣí ìwé sílẹ̀ sórí tábìlì. Ó ń pè mí, ohùn rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.