Ẹtu Tí Onílẹ̀ Gbà Lọ́wọ́ Mi Ní Lọ́ńdọ̀nù

Longbridge, Barking,
Lọ́ńdọ̀nù.

Kúnmi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, Ìbàdàn ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé lẹ́tà yìí á bá yín láyọ̀, ààyè ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣófo láàárín yín. Èmi náà wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ Ọmọ́lẹ́wà, àfi òtútù tó ń bá mi jà bí ẹni pé mo gba ìyàwó rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà nítorí pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ń ṣe ni mo máa ń jí ẹ̀gbọ́n rẹ lójú oorun.

Inú mi ò tíì yọ́ sí ọ lórí ìbọn mi tí o gbà padà ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Mo ti yọ ẹ̀tù inú rẹ̀, mo sì fi ẹní wé e, síbẹ̀ o ní wọ́n á ti gbogbo wa mọ́lé. Ọmọ́lẹ́wà ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn wọ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ nílé àti lókè òkun, wọ́n á tì í mọ́nú àpótí, ọta á wà lọ́tọ̀. Kí ló dé tí ẹnìkan ò sọ fún mi? Ṣebí mo ní àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ ẹran ló dùn mí jù. O mọ ẹtu tí mo pa létí odò, tí mo fọwọ́ ara mi yan fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ níbí, aṣọ́bodè kan bi mí bóyá mo gbé ẹran dání, ọmọ Yorùbá kan lẹ́yìn mi ló sì ń túmọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ọkùnrin yìí mọ àṣà. Bí ọdẹ bá gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, ṣebí itan ẹran ni ti onílẹ̀. Mo fa itan kan yọ, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gba itan, ó gba igẹ̀, ó gba orí, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kí n máa lọ. Kúnmi, onílẹ̀ wo ló ń gba odidi ẹran? Mo ní bóyá ìdílé rẹ̀ ló pọ̀. Ọmọ́lẹ́wà ní wọn kì í jẹ ẹ́, pé òfin ò fàyè gba irú ẹran bẹ́ẹ̀, ń ṣe ni wọ́n máa dáná sun ún. Mi ò gbà. Ta ló ń dáná sun ẹran tí a ti yan tán? Ẹ̀gbọ́n rẹ kàn ki imú bọ àpò òfìfo tí mo fi gbé ẹran náà wá, kò sì tètè yọ ọ́.

Ilé yìí dákẹ́ jù. Alẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ síbi ìkẹ́rùsí ní Dagenham Dock, ọ̀sán ló ń sùn, èmi á sì máa yọ́ rìn. Mo kí ọkùnrin ilé kejì, ó wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Ní ọgbà Mayesbrook, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan jáde, kò sá. Fún èmi ọdẹ! Mo kí i, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Aago tí àlejò ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní ojú, ó sì ní ẹnu. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo dúró tì í, mo ń ròyìn ìyá yín olóògbé fún un, ni mo bá gbọ́ ohùn Ọmọ́lẹ́wà nínú rẹ̀ pé kí n wọlé, òtútù ń mú. Mi ò mọ ìgbà tó fi ohùn rẹ̀ síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó nírònú ni. Àárò ilé ń sọ mí gan-an, ọmọ mi.

Mo mọ̀ pé gbogbo abúlé ló ń retí kí n fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Jọ̀ọ́, ìwọ ni kí o fowó ránṣẹ́ sí mi. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ta kòkó ọdún yìí, kí o fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi padà. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kò bá mi jiyàn. Ó kàn sọ pé kí n tó dé, bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń kí òun káàbọ̀. Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kùn mí mọ́.

Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì ẹni méjì ni kí o rà, tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí owó ò bá tó méjì, má rà rárá.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o dé ilé tí ò ní ẹni tó máa kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábọ̀dé.