Aṣọ Funfun Lẹ́nu Ọ̀nà Tuntun

Ajé, 3 oṣù kejì
Nọ́ọ̀sì Àgbà dá ẹrù aṣọ ilé ìwòsàn padà. Gbogbo rẹ̀. Ó ní funfun lòun kó wá, eérú ni mo kó fún òun. Látìgbà tí mo ti ń fọṣọ jẹun, ẹnikẹ́ni ò dá aṣọ padà fún mi rí. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ó ní òun á máa kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọṣọ ní ìlú kejì. Ọ̀nà tuntun ti mú ibẹ̀ súnmọ́.
Ọ̀nà tó ba aṣọ jẹ́ náà ni yóò tún gbé aṣọ lọ. Irọ́ ni.

Ọjọ́rú, 5
Mo jókòó, mo ṣọ́ wọn. Tírélà tò dé ẹnu ilé mi, wọ́n ń dúró de àyè ní ibùdó ẹrù. Wọn ò rìn, wọn ò pa ẹ́ńjìnnì. Èéfín dúdú — tààrà sórí okùn aṣọ mi. Ìlú méjèèjì ń dàgbà, wọ́n ti fẹ́ra wọn tán. Àwa tó wà láàárín ni wọ́n fi ń dáná ìyàwó.
Tíṣà ojúlé kejì ní èyí tí mo rí kéré. Ó ní káábọ́ọ̀nù tí ojú ò rí ló ń gòkè lọ mú ayé gbóná, bí ìlú ṣe ń fẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá èyí tí mo rí jà.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nítorí éésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù ni, oòrùn mú. Wọ́n fi ẹ̀rín sìn mí délé. Ọ̀kan ní kí n máa sá aṣọ sínú yàrá. Ẹnu rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Gìrìpá dé — àbíkẹ́yìn mi. Tírélà lòun náà ń wà láàárín ìlú méjèèjì. Kí wọ́n tó la ọ̀nà yìí, ọdún lè yí kí n má fojú kàn án. Ní báyìí, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń jẹun nílé mi. N ò ní purọ́, ọ̀nà náà dùn mọ́ mi níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ẹ́ńjìnnì ń dún níta. Mo ní kó lọ pa á. Ó ní kí inú ọkọ̀ lè tutù de òun ni. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fún un, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé awakọ̀. Mo sá a sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí èéfín ń gbà jáde. Ó jẹun tán, ó bọ́ síta, ó bá ṣẹ́ẹ̀tì ní dúdú.
“Màmá, ta ló ṣe èyí?”
“Ìwọ ni. Èmi kàn sá a ni.”
Ó já a kúrò níbẹ̀, ó wakọ̀ lọ. Kò dágbére.

Àìkú, 9
Kò pè.

Ajé, 10
Kò pè. Èmi náà ò ní pè. Èmi ni mo bí i.

Ọjọ́rú, 12
Awakọ̀ tó ní kí n máa sá aṣọ sínú yàrá ló wá. Ó ní Gìrìpá wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ sípàdé lánàá, bó ṣe rí gan-an. Wọ́n bi í bóyá kò ní ìyá ni. Ó ní òun ní ìyá, alágbàfọ̀ ẹnu ọ̀nà ni, ohun tí gbogbo àwọn ń ṣe sí i nìyẹn.
Ọkùnrin náà ò jókòó. “Ẹ má bínú, Màmá.” Mo fún un lómi.

Ọjọ́bọ̀, 13
Tírélà tò. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán lára aṣọ.

Ajé, 17
Nọ́ọ̀sì Àgbà gbé kọ́là aṣọ kan sójú oòrùn, ó yí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò yìn mí. Ó gbé ẹrù mìíràn kalẹ̀, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
Gìrìpá pè. Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì lè mọ́? Mo ní kó mú un bọ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì kó tó wọlé.
Tíṣà ní wọ́n tún fẹ́ la ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀yìn ilé, lọ sí ìlú kẹta. Mo ti ta okùn aṣọ síbẹ̀. Kí wọ́n máa bọ̀.