Ife Mi Ló Yà Sọ́tọ̀

Olóòtú ètò wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín ò ní há. Ẹ má dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ ka lẹ́tà mi yìí kó dún, torí ẹni tí mò ń bá wí ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Télọ̀ ni mí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi la jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Mi ò ní pè é ní "wọn" lónìí, ọ̀wọ̀ ti tán. Láti ìgbà tí mo ti ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C, ẹnu mi gbẹ débi pé mi ò rí itọ́ fi rin ẹnu òwú kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Eyín mi ń jẹrà, èrìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ló bá ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọ̀bùn ni mí, mi kì í fọnu. Èmi tí mò ń fọnu láàárọ̀, tí mò ń fọ̀ ọ́ lálẹ́! Dókítà eyín ló là á yé mi pé àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn lè gbẹ itọ́ lẹ́nu èèyàn, itọ́ ló sì ń dáàbò bo eyín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ orúkọ àrùn náà, ó ya ife mi sọ́tọ̀, ó so òwú pupa mọ́ ọn létí. Bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í ti ara ife ran èèyàn, ara ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ranni. Lánàá, abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó já abẹ́rẹ́ náà gbà, ó fi eyín dì í mú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná!" Ó ní, "Pa ẹnu rẹ dé, ó ń rùn."

Mo pa á dé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni ọ̀bùn nínú àwa méjèèjì? Olóòtú, ẹ bá mi fi ẹnu tiyín tí kò rùn sọ fún un: kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.