Òkìtì Kòkó Tó Wó Lé Koffi

Bàámi àtàtà,

Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Màámi lẹ́nu, ìyàwó mi náà sì ti sunkún títí ó ti sú u. Ẹ̀yin nìkan ló kù, ẹ ò sì lè dá mi lóhùn. Mo ti sọ èèyàn di ẹlẹ́sẹ̀ kan, Bàámi.

Ọdún tó tẹ̀lé ikú yín ni wọ́n fi mí ṣe chef, olórí àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó ń to àpò kòkó ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté. Ogún ọdún lẹ fi darí àwọn alábàárù níbẹ̀ láì mọ̀wé. Èmi lọ sílé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Treichville, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sára pátákó pé olórí tí kì í gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn rẹ̀, òun nìkan ló ń rìn. Mo dà á kọ, mo sì fi yege ìdánwò.

Ẹ̀yin, kí ẹ tó gbẹ́rù, ẹ ó fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó yí òkìtì àpò po, ẹ ó wá bi ẹni tó kéré jù láàárín yín pé kí ló rí sí i. Ó máa ń tì mí lójú. Mo rò pé ẹ ò mọ iṣẹ́ náà tó ni.

Siaka wà lára àwọn èèyàn mi, ará Korhogo lápá àríwá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín lọ́jọ́ orí. Dogo ló ń pè mí, àbúrò nìyẹn lédè Dioula. Lọ́jọ́rú kan, ọkọ̀ méjì ń dúró dè wá, ọ̀gá sì ń pè lórí fóònù léraléra. Siaka fọwọ́ kan òkìtì kan.

“Dogo, ìsàlẹ̀ èyí ti rọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ àwọn tòkè kalẹ̀.”

“Siaka, ta ni chef níbí?”

“Ìwọ ni,” ló wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kò tó wákàtí kan tí òkìtì náà fi wó. Koffi, tó máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la jọ ń gbé àpò kúrò lórí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ igbe rẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Ọ̀gá ní kí n kọ rapport, ìyẹn ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Siaka ló to àpò náà láìdáa. Ìwé ìgbélùú mi ò ní pẹ́ parí, ẹ̀rù sì bà mí pé bí wọ́n bá lé mi, mi ò ní rí òmíràn gbà. Láti ìgbà tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì, mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn sí ará àríwá lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìbéèrè. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ ọ́. Wọ́n ní kí Siaka lọ jókòó sílé.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn mọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé, wọ́n á gbé. Bí mo bá gbàgbé láti ní kí wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n á dúró tẹrùtẹrù lórí, wọ́n á máa wò mí. Bí mo bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á ṣanwọ́ dìde. Ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Kí lẹ ṣe?

Mo lọ sílé Siaka, nítòsí Abobo Gare. Mo jẹ́wọ́ fún un.

“Chef,” ló wá wí, “èmi kọ́ ló yẹ kó o wá sọ ọ́ fún.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá lójú gbogbo àwọn èèyàn wa.

“Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?” ọ̀gá bi mí.

“Mo mọ̀ ọ́n, patron.”

Wọ́n ti pe Siaka padà, òun ni wọ́n fi ṣe chef. Wọ́n lé mi, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ náà lè dé ilé ẹjọ́. Ó tọ́ sí mi. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màámi?

Lánàá, mo gbé oúnjẹ lọ fún Koffi nílé ìwòsàn. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

“Siaka ti padà sẹ́nu iṣẹ́?”

“Ó ti padà.”

“Ó dáa. Máa lọ.” Ó kọjú sí ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Abọ́ oúnjẹ náà ló gbé lé mi lọ́wọ́, kò ṣí i wò. Mo gbé e rìn délé, ó ṣì gbóná.

Bàámi, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń wá yín kiri.