Ìwé Méjì Lórí Iṣẹ́ Lífìtì Kan

Abúlé Ọ̀ṣọ́lò,
Lọ́nà Ìlá.
Ọjọ́ Ajé, òjò kejì ti rọ̀.

Olúwatìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá kò tíì jó ọ ju bí a ṣe bí ọ lọ? Àwa náà ń bẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ń kí ọ, gbogbo ìjọ ń kí ọ. Ewúrẹ́ abilà ló jẹ lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ, ìkíni inú ìyẹn sì gùn ju èyí lọ, jọ̀wọ́ bá mi fi kún un fúnra rẹ. Ibikíbi tí iṣẹ́ rẹ bá gbé ọ gùn dé, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi sọ̀kalẹ̀. Okùn tó so lífìtì rẹ kò ní já, iná ibẹ̀ kò ní gbé ọ, ẹni tó bá sì tẹ bọ́tìnnì pé kí o má délé, òun ni yóò há sáàárín àjà méjì. Àmín.

Nùsírátù ọmọ Ìyá Onírẹsì ló mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ó wálé wá sinmi, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń padà sí òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Al Barsha ní Dubai. Ó ní láti ibẹ̀, metro, ọkọ̀ ojú irin wọn, lòun máa wọ̀ kí òun tó wá bọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Sharjah, ó sì ní metro náà kò ní awakọ̀. Mo ní kó má gbé lẹ́tà mi wọ ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, kó fara balẹ̀ de èyí tí awakọ̀ rẹ̀ ti jẹun tán. Ó ní òun ti gbọ́.

Ẹní tó wà nínú ẹrù tí Nùsírátù gbé bọ̀, ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́. Nùsírátù ló sọ fún wa pé bedspace ni o háyà. A bi í pé kí nìyẹn, ó ní àyè bẹ́ẹ̀dì ni, kì í ṣe yàrá. Ìyá rẹ sunkún títí. Ó ní ọmọ òun ń sanwó àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò wá sí owó tó máa fi gorí bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Kí o tẹ́ ẹní náà síbẹ̀, ó nípọn.

Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé àpótí irin ni, èèyàn á wọ inú rẹ̀ nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, wọ́n á ṣí i, onítọ̀hún á sì ti wà lókè láìgun àtẹ̀gùn. Bàbá Ìjọ bi mí pé ta ló ń gbé e, mo ní ọmọ mi ni. Wọ́n ní ṣé ìwọ nìkan. Mo ní ẹ pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń pè ọ́ tí kò wọlé. Mo gbé fóònù fún Phoebe, tíṣà tó háyà yàrá iwájú wa, pé kó bá mi wò ó bóyá ó ń ṣàìsàn. Ó wò ó, ó ní fóònù kò ṣe nǹkan kan, o ti fi mí sí búlọ́ọ̀kù ni. Inú mi dùn gan-an. Mo sọ fún ìyá rẹ pé Tìmílẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí gé búlọ́ọ̀kù ilé wa, àwa méjèèjì sì lọ wọn ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbà tí mo bi Phoebe pé mélòó ni búlọ́ọ̀kù náà ló tó jókòó, tó fi sùúrù ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn ni o tì mọ́ mi. Ó ní kí n má bínú. Mi ò bínú. Ilẹ̀ tí a wọ̀n ṣì wà níbẹ̀.

Phoebe wá fi fóònù tirẹ̀ pe Kọ́lá tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá. Kọ́lá kí mi dáadáa, ó bẹ̀ mí, ó ní kí n má sọ pé òun ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n o ń bínú pé ẹnu mi ló ba Amẹ́ríkà rẹ jẹ́. Mo ní mi ò ní sọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí pé àgbọ́sọ ni ìwọ àti Kọ́lá gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun lo pè mí pé ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń wá àwọn tó mọ lífìtì í tò, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n tún ṣe, pé ọdún mẹ́fà tí o ti lò nídìí ẹ̀ ní Al Quoz wù wọ́n, àwọn fúnra wọn ló sì máa ṣe fisà rẹ. O ní Adéwálé, èèyàn wa kan tó ní ọ́fíìsì ní Al Karama, ló ń bá ọ sáré ìwé náà. O tún ní ìjọba Amẹ́ríkà ti dárúkọ owó tí ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ san fún ọ, prevailing wage lorúkọ owó ọ̀hún, o sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù kí n lè rí i.

Phoebe kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Alága ẹgbẹ́ akọrin ló bá mi túmọ̀ rẹ̀, ó ní prevail, borí ni. Owó iṣẹ́ tó borí. Mo gbé e lọ sí ìjọ, a sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ kí owó náà lè borí. Ìyá Ìjọ béèrè pé kí ló ń bá a jà. Mi ò mọ̀, mo ní owó dirham ni. A gbàdúrà tako owó dirham títí agbára fi tán. Mo bẹ̀ ọ́, bí owó tí o ń gbà ní Dubai bá ti dín lóṣù yẹn, àwa ni.

Ìgbà tí Phoebe dé ló là mí lójú. Ó ní ìjọba ibẹ̀ máa ń wo iye tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń to lífìtì ní àgbègbè kan, ẹni tó bá sì mú àlejò wá láti òkè òkun kò gbọdọ̀ san dín sí iye yẹn fún un, kí wọ́n má baà rẹ́ àlejò jẹ, kí ọmọ onílẹ̀ má sì tìtorí àlejò olówó pọ́ọ́kú pàdánù iṣẹ́. Mo ní ṣé gbogbo ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní prevailing. Igba ebè ni! Lábúlé yìí, iye tí wọ́n bá ń kọ igba ebè lọ́dún kan, iye yẹn ni fún gbogbo ayé. Nígbà tí àwọn Àgàtú kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ oko níbí, àwọn àgbẹ̀ kan ń san ìdajì fún wọn, àwọn ọmọ wa sì jókòó sílé láìríṣẹ́, títí Baálẹ̀ fi ní kí wọ́n lu agogo yí ká pé ẹni tó bá kọ igba ebè, ì báà ṣe ọmọ ibí, ì báà ṣe àlejò, iye kan náà ni. Mo ní kí Phoebe bá mi kí ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣeun, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta ìyẹn ni Adéwálé pè mí. Ọmọlúàbí ni lẹ́nu, ó ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní Bàbá. Ó ní ìwé méjì ni iṣẹ́ náà ní. Ìwé kìíní jẹ́ ti ojú ìjọba, gbogbo owó náà ló pé sínú rẹ̀. Ìwé kejì jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, ibẹ̀ ni wàá ti fọwọ́ sí i pé oṣooṣù ni wàá máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta padà fún òun. Ó ní o ń lọ́ tìkọ̀, kí n bá òun gbà ọ́ níyànjú. Ká ṣáà fọwọ́ sí i, ó parí, khalas. Khalas yìí ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo ti rò pé ọmọ rẹ̀ ni, mo ní Ọlọ́run á dá Khalas sí fún un. Ó ní àmín.

Mo pè ọ́. Mo ní fọwọ́ sí i. O ní Bàbá, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Mo ní fọwọ́ sí i. O fọwọ́ sí i. Kí o rántí ibí yìí nígbà tí o bá ń bínú sí mi, torí ibí ni mo ti ṣẹ̀ ọ́, kì í ṣe ibi tí o rò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin kan pè láti Amẹ́ríkà. Rachel lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ mú ọ ló ń bá ṣiṣẹ́. O rántí pé nínú fọ́ọ̀mù tó o kún, wọ́n ní kí o kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè tí ewu bá ṣẹlẹ̀, o sì kọ tèmi. Nítorí náà bó ṣe ní orúkọ rẹ, mo ti ń sunkún. Phoebe gba fóònù, ó ń bá wa ṣe ògbufọ̀. Obìnrin náà ní kò séwu, òun kàn ń bi àwọn ìdílé léèrè pé ṣé wọ́n mọ iye tí ọmọ wọn máa gbà. Mo ní a mọ̀ ọ́n. Mo ní odindi ni lójú ìwé, ìdá kan nínú mẹ́ta á padà sọ́dọ̀ Adéwálé ní Al Karama, ìyókù ni tìrẹ. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Adéwálé ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́. Mo ní bóyá kírẹ́díìtì ti tán ní Amẹ́ríkà. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n dá ìwé rẹ dúró lọ́jọ́ kejì. Adéwálé pè mí, kò fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kó bá mi kí Khalas, ó pa fóònù. Òun ló wá sọ fún ọ bó ṣe fẹ́, o sì tìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n Rachel tún pè lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ó ní ilé iṣẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa ìwé kejì, inú wọn kò dùn sí i, wọ́n ti lé Adéwálé. Ó ní ìwé tìrẹ ti jáde, owó pípé, kò sí ìdá kankan tó ń lọ síbì kan. Ó ní òun ti ń wá ọ. Nọ́ńbà tí Adéwálé kọ sínú ìwé pé ó jẹ́ tìrẹ, tirẹ̀ ni, ó sì ti fi dá wọn lóhùn pé o kò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́. A fún Rachel ní nọ́ńbà rẹ gan-an, ó ní o kò gbé e, Phoebe náà pe ìwọ àti Kọ́lá, ẹ kò gbé e. Rachel ní tóun kò bá gbọ́ ohùn ìwọ fúnra rẹ kí oṣù yìí tó parí, ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú. Phoebe ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò dáa kéèyàn má kíni.

Ó ku ohun kan. Mo lè jẹ́ kó parí síbẹ̀, kí o máa rò pé àgbẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan ni ẹnu rẹ̀ yọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Phoebe tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi, ó fọwọ́ bo fóònù, ó wò mí lójú, ó ní Bàbá, ṣé kí n sọ ọ́ báyìí, ilé iṣẹ́ gan-an lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o, wọ́n lè torí ẹ̀ fagi lé e. Mo ní sọ ọ́. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Nítorí Sunday ni. O lè má rántí rẹ̀ dáadáa, o ṣì wà ní pírámárì, Àgàtú tó ń kọ ebè fún wa, tó máa ń gbé ọ lé èjìká bọ̀ láti oko. Lẹ́yìn tí Baálẹ̀ ti lu agogo, mo máa ń ka owó Sunday pé fún un lójú gbogbo èèyàn lábẹ́ igi ọ̀dán. Tí a bá délé, á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún mi lẹ́yìn ilé ìdáná. Èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì. Ó wà lára owó tí mo fi san owó ìdánwò rẹ. Lọ́jọ́ tó ń padà sílé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ọmọ Yorùbá, ó dúpẹ́ pé mo ṣe dáadáa fún òun. Mo gba ọpẹ́ náà. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Nígbà tí Adéwálé ń ṣàlàyé ìwé kejì fún mi, àlàyé rẹ̀ ti pọ̀ jù, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń ròyìn. Mo ní kí o fọwọ́ sí i torí pé bí mo bá ní má fọwọ́ sí i, ara mi ni mo dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe bi mí, ìwọ ni mo rí lọ́kàn mi, lẹ́yìn ilé ìdáná ẹlòmíràn, tí o ń yọ owó.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Ìyá rẹ ní kí n béèrè páànù márùn-ún, mo ti béèrè. Èmi fúnra mi, owó ọkọ̀ ni mo fẹ́. Wọ́n ní Sunday ṣì wà láyé lẹ́bàá Òtúkpó. Iye tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ta iṣu, ó ti pé, má fi kọ́bọ̀ kún un, ìyẹn kò kàn ọ́. Gba orí àkáǹtì Phoebe fi owó ọkọ̀ náà ránṣẹ́, torí báńkì tèmi ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá pé mo wà láàyè. Mo ní èmi nìyí, wọ́n ní ìyẹn kò tó. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Ti àbọ̀, mi ò tíì mọ bó ṣe máa gbà mí.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ọwọ́ tó ń gbé ẹlòmíràn ròkè yóò gbé ìwọ náà. Bí o ṣe ń sìn wá, ọmọ tìrẹ náà yóò sìn ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì bi ọ́ pé èló ni wọ́n ń san fún ọ, iye kan ṣoṣo ni yóò wà lẹ́nu rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéoyè.