Ìrù Bàlúù Tí Mo Ṣe Lẹ́ẹ̀mejì

Ọmọ mi obìnrin, Ọmọ Káfíńtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé yẹn kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore kò ní ṣi ilé. Àmín. Àwa náà wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, àti ìyá rẹ tó ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé òun ti sanra díẹ̀ sí i, kí o má baà rò pé ẹlòmíì lo rí lọ́jọ́ tí o bá rí òun.

Dírẹ́bà gbé páálí rẹ dé láyọ̀, ó ní òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù lé e. A tú u lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Bàlúù náà gùn tó láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi dé àyà, ìrù rẹ̀ sì ti fọ́ yángá bí o ṣe wí. Ìyá rẹ yí i po, ó wò ó títí, ó ní ṣé nǹkan tí o torí ẹ̀ fi ilé sílẹ̀ nìyí, tí èèyàn kan ṣoṣo ò lè jókòó sínú ẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, pé iṣẹ́ ni. Mo ṣàlàyé fún un bí ìwọ náà ṣe ṣàlàyé fún mi, pé ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fi irú bàlúù bẹ́ẹ̀ ya fọ́tò oko olóko láti òkè, pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà, pé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀yin mẹ́fà máa fi tiyín hàn wọ́n ní pápá, ẹni tí tiẹ̀ bá fò dáadáa jù ni wọ́n á mú. Ó ní ṣé wọn ò lè gun orí igi kí wọ́n yà á ni.

Ọdún kẹrin nìyí tí o ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, o ò sì bẹ̀ mí ní iṣẹ́ kankan rí. Nítorí náà, nígbà tí o ránṣẹ́ pé ọwọ́ mi lo fẹ́ kó tún ìrù yẹn ṣe, inú mi dùn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lejú koko bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ fóònù. Lọ́jọ́ Ajé tí o pè wá lórí fóònù tíṣà aládùúgbò wa, èyí tó ń fi ojú èèyàn hàn, mo ti wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ìpàdé, mo dé fìlà. Àfi bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé etí mi nìkan lò ń rí. Mo sì dá ọ lóhùn pé etí ọ̀hún ni mo fi ń gbọ́ ọ, ibo ló ní kí n tún gbé e sí. Ìgbà tí tíṣà wá gbà á lọ́wọ́ mi tó gbé e síwájú mi ni mo tó rí ojú rẹ. O ti rù. Má sọ fún mi pé fóònù ló ń mú ojú èèyàn rù, torí ojú tíṣà sanra nínú ẹ̀. Ìyá rẹ yọjú sí ẹ̀yìn fóònù kó lè rí bí o ṣe di irun lẹ́yìn, ó ní dúdú lásán lòun rí.

O wá bi mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn pé ṣé ìyẹ́ kékeré méjèèjì tó wà lára ìrù ń lọ sókè sódò, mo ní wọ́n ń lọ. Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, torí mi ò lè sọ ọ́ lójú tíṣà. Wọ́n ń lọ lóòótọ́. Àmọ́ wọn ò jọ lọ.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, má tíì bínú. O kọ ọ́ sínú ìwé tí o fi sínú páálí pé sẹ́fò kan fún ìyẹ́ òsì, sẹ́fò kan fún ìyẹ́ ọ̀tún, pé bí ọ̀kan bá kú lókè, èkejì á ṣì lè rọra gbé bàlúù sọ̀ kalẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn, ó bọ́gbọ́n mu. Mo wo àwọn sẹ́fò náà, ẹ̀rọ dúdú kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ní ọwọ́ funfun kan lórí tó ń yí bí ọwọ́ aago, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì ti ara ọwọ́ náà lọ sára ìyẹ́. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ìgbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí n tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì sì nà sápá ọ̀tún, tí o tún fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀, ni mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ yìí ti pẹ́ ní ìlú, ó ti gbàgbé iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn alápá méjì, mi ò tíì dé ilé tí wọ́n ti fi ọwọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì sápá ọ̀tún. Ọ̀kan á wà lósì, ọ̀kan á wà lọ́tùn-ún, kí wọ́n dọ́gba, kó tu ojú lára. Mo bá bá ọ tún un ṣe. Mo na ọwọ́ ọ̀kan sí òsì, mo na ti èkejì sí ọ̀tún, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pa, mo fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo rẹ̀, mo sì fi sáńpépà pa á títí ó fi ń dán. Ó rẹwà, ọmọ mi. Ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì wa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó, ó ní òun ò rí ìrù tó gún báyìí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ mélòó ló ti rí.

Ó wá ku ká dán an wò. O ní kí n yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú kúrò kí n tó tanná sí i, mo yọ ọ́, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́, mo ti fèrèsé, ìyá rẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti apẹ̀rẹ̀, pé bó bá ní òun ń jáde kó dé e mọ́lẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ìdarí tí o fi sínú páálí dání, mo fa ọ̀pá rẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi díẹ̀. Ìyẹ́ òsì gòkè, ìyẹ́ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀. Mo tì í síwájú, òsì sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tún gòkè. Mo pa á kó sinmi, torí mo rò pé àárẹ̀ ìrìn àjò ló ṣì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Mo tún tàn án, bákan náà ni. Mo bá èyí apá ọ̀tún wí, mo ní kó máa wo ohun tí ìkejì rẹ̀ ń ṣe. Ìyá rẹ béèrè pé ṣé kí òun bu oúnjẹ wá fún un.

Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣebí béèyàn bá ń rìn, ọwọ́ kan á lọ síwájú, ìkejì á lọ sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣubú torí ẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ fún ọ lórí fóònù pé wọ́n ń lọ nìyẹn. Dírẹ́bà ní òun ń padà sí ìlú láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo sì ti pinnu pé màá di bàlúù náà padà sínú páálí, màá pa ẹnu mi mọ́.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ náà tí o fi sínú páálí, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, ṣì wà níbẹ̀. Tíṣà ti fojú yẹ̀ ẹ́ wò fìrí lójú ọ̀nà, ó ní ohun tó kù kò ju ìwọ̀n lọ. Kí n má fi àkókò ṣòfò, mo gba ilé ìwòsàn lọ kí wọ́n wọ̀n mí. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo ní bàlúù ni, ó sì wò mí lójú díẹ̀ kó tó jẹ́ kí n gun òṣùwọ̀n. Kílò méjìdínláàádọ́rin ni mo kọ síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ìgbà tí tíṣà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìwọ̀n bàlúù ni wọ́n ń béèrè, pé bí wọ́n bá rí ohun tí mo kọ yìí wọn ò ní jẹ́ kó sún mọ́ pápá. Ó pa á rẹ́, a gbé bàlúù lọ sórí òṣùwọ̀n alápatà, kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni. Ìwọ̀n tèmi wà níbí bí wọ́n bá tún béèrè ẹ̀.

Tíṣà wá ń ka apá tí ìwọ fúnra rẹ ti kọ. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ igi. O kọ ọ́ pé bàbá rẹ ni, pé káfíńtà ni, pé kò sẹ́lòmíì. Tíṣà kà á kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní kó padà, kó tún ibẹ̀ kà. Ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ, ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá béèrè rẹ pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé lò ń bá kiri ní ìlú. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ níbi ìpàdé. Ojú ara mi tì mí. Mo sì rí i pé mi ò lè jẹ́ kí ìrù tí kò dá èmi alára lójú jáde lọ́wọ́ mi, kí wọ́n wá torí ẹ̀ kọ̀ ọ́ níwájú gbogbo wọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo ní kí dírẹ́bà máa lọ. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń wo aago ògiri, kì í ṣe torí àkókò, ojú mi kàn wà níbẹ̀ ni. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sáré yẹn, nígbà tó wà lápá òsì, ó ń gòkè. Ìgbà tó bọ́ sápá ọ̀tún, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ló ń yí. Mo tún wò ó yí po lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dìde. Àwọn sẹ́fò rẹ ò ṣe àìgbọràn rárá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń yí, èmi ni mo na ọwọ́ ọ̀kan síbi tó ti ń gòkè, tí mo na ti èkejì síbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí o kọ ló tọ̀nà. Ìlà méjì tí o fà sábẹ́ ẹ̀ ni ò tó, o mọ irú bàbá tí o ní, márùn-ún ló yẹ kí o fà.

Mo mú ayùn kékeré. Ìyá rẹ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò lè wò ó. Mo gé ìrù tó ń dán yẹn, gọ́ọ̀mù sì ti le bí òkúta, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fi ọ̀bẹ họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n má baà fọ́ sẹ́fò. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀tún bí o ṣe wí. Mo tanná sí i, wọ́n jọ gòkè, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, ìyá rẹ sì gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ mo fi téèpù wọ̀n wọ́n, mo rí i pé òsì ń ga ju ọ̀tún lọ díẹ̀, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Ọwọ́ sẹ́fò náà ní ihò mẹ́rin, mo bá yọ irin apá òsì kúrò nínú ihò tó wà lópin, mo fi í sínú èyí tó sún mọ́ ìdí, kó má baà fà jù. Wọ́n ti dọ́gba báyìí. Mo wọ̀n wọ́n ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ìrù náà ò dán mọ́, àpá wà lára ẹ̀, mo kùn ún àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i.

Dírẹ́bà tún ti dé, àmọ́ mi ò ní fi bàlúù rán an mọ́, lẹ́tà yìí nìkan ni mo fi rán an. Èmi fúnra mi ni màá gbé bàlúù náà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ìjókòó méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún un. Ìyá rẹ ní nǹkan tó ń fò, kí ló ń wọkọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé orí fóònù lo máa fi í sí bí ọjọ́sí, bá mi bá ọmọbìnrin tó ń san owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù fún èèyàn sọ̀rọ̀, torí inú àpótí owó tirẹ̀ ló ti mú un jáde fún mi nígbà yẹn. Mo ní rárá, owó tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ ni mo wá gbà, mi ò wá yáwó. Ìyá rẹ ló padà lọ gbà á. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbẹ̀, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá tìrẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mi ò ní dà ọ́ láàmú, ẹ̀yìn ni màá dúró sí. Bí bàlúù náà bá fò dáadáa, tìrẹ ni, má dárúkọ mi. Bó bá ṣubú, tó sì jẹ́ pé ìrù ló fà á, nawọ́ sí mi kí gbogbo wọn rí mi. Màá sọ fún wọn pé o kọ ohun tó tọ́ sílẹ̀ fún mi, èmi ni mi ò tẹ̀ lé e, kí wọ́n jẹ́ kí o tún mú un fò.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí ẹ̀rọ náà. Atẹ́gùn ọjọ́ yẹn á jẹ́ tìrẹ. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀, ìròyìn ayọ̀ la ó jọ gbé wálé.

Èmi ni, bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo tún ṣí àpòòwé yìí ni o. Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí, ó ní kí n pa ìjókòó méjì rẹ́, kí n kọ mẹ́ta. Ó ní àárín èmi àti bàlúù lòun máa jókòó sí, torí ọ̀nà yẹn jìn, bí wọ́n bá fi èmi àti ìrù náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo lè tún rí nǹkan tún ṣe lára ẹ̀.