Ìdè Bíréèkì àti Bàbá Masuo Inada ti Hinokubo, 1948–2022

Kà. Irin kékeré kan ló wọnú irin kejì báyẹn. Ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní ìletò Hinokubo, láàárín àwọn òkè Shimane, ti gbọ́ ìró náà ní ẹnu ọ̀nà oko nígbà ìgbìn. Teiji, àbúrò olóògbé kan ṣoṣo, kò fẹsẹ̀ tẹ Hinokubo láti ọdún 1974 títí di àná. Ó ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ rántí bí ohùn ìyá àwọn ṣe rí mọ́, ṣùgbọ́n ìró yẹn ò kúrò létí òun.

Ìró náà ni iṣẹ́ ayé Bàbá Masuo Inada, ẹni tí a péjọ lónìí láti dágbére fún.

A bí Bàbá Masuo ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1948. Òun ni àkọ́bí Gonroku Inada àti Kiyo aya rẹ̀. Ìran Inada ti ń gbin ìrẹsì lórí òkè yìí láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò lè kà mọ́. Oko wọn gun òkè bí àtẹ̀gùn, mẹ́tàdínlógún ni, èyí tó kéré jù níbẹ̀ ò fẹ̀ ju ẹní mẹ́fà tí a tẹ́ sílẹ̀ lọ. Masuo lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, ìrìn wákàtí kan ni, nígbà tí Teiji náà sì tó ilé ìwé lọ, ó máa ń gbé e kọ́rùn dé ibẹ̀ bí yìnyín bá pọ̀. Ó parí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 1967.

Ní 1971, Gonroku ra katakata àkọ́kọ́ tó wọ Hinokubo. Ó da sakè, ọtí ìrẹsì, sí i nímú láti fi súre fún un, gbogbo ìletò sì jáde wá wò ó. Ìyá Gonroku yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Màlúù tí kì í jẹko. Bó bá bínú ńkọ́, ta ló máa rọ̀ ọ́?"

Ìyá àgbà ò purọ́. Bíréèkì méjì ni katakata ní, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Nínú oko, awakọ̀ a tú ìdè tó so wọ́n pọ̀, a sì tẹ ẹyọ kan kí ẹ̀rọ lè yí po ní igun tóóró. Bó bá ń padà sójú ọ̀nà, àfi kó tún dè wọ́n, kí ìró kà yẹn dún. Oko tiwa kéré, igun rẹ̀ pọ̀, nítorí náà a máa ń tú ìdè náà ju bó ṣe yẹ lọ, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 1974, wọ́n ké sí àwọn ará oko wá jẹun. Katakata wà lẹ́nu ọ̀nà. Gonroku ní òun á kọ́kọ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko ìsàlẹ̀. Ní kọ́nà tó wà lókè odò, ó tẹ bíréèkì. Táyà kan ṣoṣo ló dúró. Katakata yí bìrí, ó dojú dé sínú oko tó wà nísàlẹ̀, Gonroku sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Ọlọ́pàá béèrè pé, "Ta ló lò ó kẹ́yìn?"

Masuo ní, "Èmi ni."

Kì í ṣe òun. Teiji ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. A kọ ọ́ síbí nítorí Teiji fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́. Kiyo, tó gbé oúnjẹ wá sóko lọ́jọ́ náà, wo ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Masuo dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ètùtù ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí a máa ń ṣe fún òkú, Teiji wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Osaka, ó ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ díńgí, kò sì padà wá.

Olóògbé gbé Fumie níyàwó ní 1976. Nígbà tí Fumie bi í pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, èsì rẹ̀ ò gùn: "Èjìká mi ló fẹ̀ jù." Ó ní kó má sọ ọ́ síta, kò sì sọ ọ́.

Bàbá Masuo wọ ilé àtúnṣe ẹ̀rọ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà ìgbìn, ó máa ń jí lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà oko pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa. Gbogbo ìdè tí kò bá tíì pupa, ó máa ń kùn ún, kí ojú lè tètè rí i. Kò ní kúrò níwájú katakata àfi bó bá gbọ́ "kà" yẹn. Àwọn kan ń pè é ní Ọlọ́dà. Àwọn mìíràn sọ ọ́ sókè tó kó lè gbọ́ pé, "Ẹni tó fi ìgbàgbé pa baba ẹ̀ ló wá di olùkọ́." Ó gbọ́. Ó kùn ún tán, ó ní, "Ó dìgbà," ó sì kọjá sórí ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí irin ààbò dé, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó kí katakata má bàa lè tẹ èèyàn pa bó bá ṣubú, wàhálà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àwọn ilé katakata wa kò ga. Àwọn èèyàn ń ká irin náà wálẹ̀ kí wọ́n lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e lọ sóko. Olóògbé mú ayùn. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Otatsu, aya Jinpachi.

Ìyá ní, "Masuo, ilé tí baba ọkọ mi kọ́ lo fẹ́ gé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ̀bù igi kan péré ni."

"Kí ló dé tí o ò gé irin ẹ?"

"Ìyá, bí mo bá gé irin, orí Bàbá Jinpachi ló kù tó máa ga jù."

Ìyá Otatsu rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbé àkàbà fún un. Ẹnu ọ̀nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Masuo gbé ga báyẹn, kò gbowó lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1998, etí oko ya lábẹ́ Jinpachi, katakata rẹ̀ sì yí lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Jinpachi ń fì lára bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ bí àdán, ẹrẹ̀ bò ó, ó ń pariwo pé, "Ẹ lọ pe Ọlọ́dà kó wá tú mi, ẹ̀jẹ̀ ti rọ́ sí mi lórí tán." Ó pẹ́ láyé fún ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn. Láti ọdún 1974 títí di òní, katakata ò tún pa ẹnì kan mọ́ ní Hinokubo.

Bàbá Masuo wà nínú ẹgbẹ́ panápaná ìletò fún ogún ọdún. Ó ń gbá àgbàlá tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ kejìlá oṣooṣù, ọjọ́ tí baba rẹ̀ kú. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kórè tán, ó máa ń di àpò ìrẹsì tuntun kan, á sì fi í ránṣẹ́ sí Teiji ní Osaka pẹ̀lú ìwé pélébé: "Ìrẹsì tuntun rè é. Ẹní rẹ ṣì wà nílẹ̀." Àpò mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Teiji jẹ gbogbo rẹ̀, kò sì fèsì sí ẹyọ kan.

Àìsàn dá olóògbé dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù Sanae, ọmọbìnrin rẹ̀, láti Osaka. Sanae kà á sí i létí nílé ìwòsàn. Bàbá ní, "Tún un kà." Sanae kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Masuo pajú dé, ó ní, "Ọ̀rọ̀ Teiji máa ń gùn jù, láti kékeré." Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: kí wọ́n tú ìdè bíréèkì katakata tó wà nílé, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sùn ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, kí yìnyín tó yọ́.

Ó fi aya rẹ̀ Fumie sílẹ̀ sáyé; ọmọ méjì, Sanae àti Kōta; ọmọ ọmọ márùn-ún; àti àbúrò rẹ̀ Teiji, tó dé láàárọ̀ àná. Kò kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, ibi tí katakata wà, gbogbo wa tó wà níbi pẹpẹ tùràrí sì gbọ́ ọ láti inú yàrá: kà.

Ẹ sinmi, Bàbá Masuo. Kí ilẹ̀ òkè tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbà yín jẹ́jẹ́. Kí ẹ bá Gonroku àti Kiyo jókòó, kí ọ̀rọ̀ yín má sì ní ẹ̀bi nínú mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Sanae kà sí i létí nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, Teiji ni. Èmi ni mo tú ìdè yẹn lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbàgbé láti dè é. Ẹ mọ̀, Màámi náà mọ̀. Mo ti pe olórí ìletò lónìí, mo ti sọ ọ́ fún un, mo ní kó sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn ní ìpàdé. Ìrẹsì yín dùn. Mo ń bọ̀ wálé. Katakata tó wà nílé, ẹ ní kí wọ́n tú ìdè ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún kí n tó dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi dè é."